Akàn Tí Ìyá Mi Fún Lómi

Ẹ gbé akàn wá láti Kútọnú lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Inú yìnyín ni ẹ kó o sí, ó dákẹ́ bí òkúta. Ẹ ní ẹ fẹ́ sè é bí ìyá yín àgbà ti máa ń sè é, kí gbogbo ilé jókòó yí i ká, kí ẹ fi rántí rẹ̀. Èrò yín dára. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé mo dìde kúrò nídìí ààrò kí ìkòkò tó hó, ẹ sì bi mí bóyá ara mi ni kò yá. Ara mi yá. Àyà mi ló ń já. Ó sì ti pẹ́ tó ti ń já bẹ́ẹ̀ nígbàkígbà tí òórùn akàn bá gba inú omi gbígbóná jáde. N kò lè fi ẹnu sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ báyìí, torí ọwọ́ mi ṣì le ju ohùn mi lọ.

Pobẹ̀ tí ẹ mọ̀, tí omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ, tí alùpùpù ń sáré kiri níbẹ̀, kọ́ ni Pobẹ̀ tí mo fẹ́ sọ. Nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣe ìjọba Dahomey, orí ilẹ̀ pupa tó ga ni a wà, omi sì jìnnà sí wa. Bí òjò bá ti lọ, tí ọyẹ́ bá dé, àwọn obìnrin a jí nígbà tí àkùkọ bá kọ, wọn a sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsun tó wà ní àfonífojì, wọn a tò sídìí rẹ̀, wọn a máa fi igbá bu omi díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń sun. Oòrùn a ti mú kí wọ́n tó gun òkè padà. Ìró tí mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ ni ìró omi tó ń mì nínú ìkòkò orí wọn bí wọ́n ti ń kọjá lẹ́yìn ògiri. Ẹnikẹ́ni kì í da omi nù. Èyí tí a bá fi fọ ọwọ́, ìdí ata là ń dà á sí. Èyí tí a bá fi ṣan àwo, ewúrẹ́ ló ni ín. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá wọlé, kí a tó bi í ní ohun tó gbé e wá, omi ni a óò kọ́kọ́ bù fún un, ọwọ́ méjèèjì ni a ó sì fi gbé e. Ẹni tí a bá bu omi fún nílé wa ní àkókò ọyẹ́, a ti fún un ní nǹkan.

Ohun kan ṣoṣo tó so wá mọ́ ibi tí omi pọ̀ sí ni ọkọ̀ ojú irin. Láti Àjàṣẹ́ ló ti ń bọ̀. Á gba Sakẹ́tẹ́ kọjá, á wá dé ọ̀dọ̀ wa ní ọ̀sán, ibẹ̀ ni ojú irin parí sí. Lagáà là ń pe ibi tó ń dúró sí, bí àwọn Faransé ti ń pè é. Wọn a já iyọ̀ àti aṣọ sílẹ̀, wọn a kó ẹ̀kùrọ́ àti epo sínú rẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ á padà lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń fọn fèrè kí ó tó lọ. Fèrè àkọ́kọ́ ni ti ẹni tó ṣì ń jẹun, kí ó pa ọwọ́ pọ̀. Fèrè kejì ni ti ìdágbére. Ní ìgbà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá ń jó, àwọn èèyàn láti Ìta-Jẹ̀bú àti ibòmíràn a kún inú rẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà, fèrè náà á sì dàpọ̀ mọ́ ṣaworo ẹsẹ̀ àwọn oníjó, àwọn ọmọdé kò ní mọ èyí tí wọn ó sá tẹ̀lé.

Àwa ará òkè kò mọ akàn. Ẹja gbígbẹ là ń rí, àti edé gbígbẹ tí a ń lọ̀ sínú ọbẹ̀. Mo rántí ọjọ́ kan tí akàn kan nínú ẹrù àwọn ará ọ̀sà já okùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ní lagáà, tó gba àárín àwọn èèyàn kọjá. Obìnrin kan láti Ahoyéyé tó ń ta ẹ̀kùrọ́ fò gun orí àpò, ó ní aláǹtakùn odò ni, kí wọ́n pa á. Ọmọbìnrin kan tí kò dàgbà ju àwọn tó ń sá lọ ló dìde, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ wẹ́rẹ́, ó mú un láti ẹ̀yìn, ó sì so ó padà. Kò fi ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà ni Sènámì. Ègùn ni, ọmọ apẹja tí ilé rẹ̀ dúró lórí òpó nínú ọ̀sà lẹ́bàá Àjàṣẹ́, tó ń bá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin gbé edé wá tà. Tànyí ni wọ́n ń pe irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ nílé wọn. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹkóòlù nígbà náà, wọ́n ń pè mí ní mẹ́tìrì. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ọkọ̀ tó dé Pobẹ̀ tí n kì í wá nǹkan lọ ṣe ní lagáà.

Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ mi. Kì í ṣe pé ó bú mi. Ó kàn béèrè ibi tí ìyá mi ti ń pọn omi, mo sì sọ òtítọ́ fún un. Ó wo omi tó wà lábẹ́ ilé rẹ̀, ó ní ọmọ tí a bí sórí omi ni mo fẹ́ lọ fi òùngbẹ pa lórí òkè. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́, àwọn àgbà bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó gbà kí Sènámì máa bá mi lọ, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní fi ẹnu kan oúnjẹ ilé wa títí òun yóò fi fi ojú ara òun rí bí ọmọ òun ti ń gbé. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè ní kí ló wà nínú oúnjẹ. Ní tiwa, àna tí kò bá tíì jẹun nílé àna rẹ̀, ìgbéyàwó náà kò tíì fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀. A wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Sènámì a máa rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n bí fèrè ìrọ̀lẹ́ bá dún, yóò dá ohun tó ń ṣe dúró títí ìró náà yóò fi tán.

Ọ̀rẹ́ mi Ràímì ló mú ìròyìn wá. Ọmọ àwọn oníṣòwò ní Sakẹ́tẹ́ ni, ìmàle gidi, aṣọ ló ń tà láti Àjàṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì gbọ́ Ègùn bí ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀. Bí ọdún Iléyá bá dé, ẹran tó ń fi ránṣẹ́ sí ìyá mi kì í kéré. Ó ní bàbá Sènámì ń bọ̀ pẹ̀lú Tànyí, àárín ọyẹ́ gan-an ni wọ́n sì mú, ìgbà tí òùngbẹ pọ̀ jù. Yóò fi apẹ̀rẹ̀ akàn kan ránṣẹ́ ṣáájú. Kí Sènámì sè é bí wọ́n ti ń sè é nílé, kí a pe àwọn ọ̀rẹ́ wa. Bàbá náà ní bí oúnjẹ náà bá wọ òun lẹ́nu, òun yóò fi ọmọ òun sílẹ̀ pẹ̀lú ìbùkún. Bí kò bá wọ òun lẹ́nu, kí Sènámì di ẹrù rẹ̀, ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ náà ni wọn yóò jọ wọ̀. Ràímì sọ èyí tán, ó wo ojú mi, ó ní òun ti bi alùfáà wọn ní Sakẹ́tẹ́ nípa akàn, alùfáà ní kò sí ohun tó ṣe é, àfi pé ẹ̀gbẹ́ ló ń gbà rìn, kò sì yẹ kí olóòótọ́ máa rìn bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. N kò rí ẹ̀rín rín.

Apẹ̀rẹ̀ náà dé nínú ọkọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú. Ó kún dé ẹnu. Koríko ọ̀sà tútù ni wọ́n fi bo orí rẹ̀, okùn ìko ni wọ́n sì fi di ọwọ́ akàn kọ̀ọ̀kan. Edé tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ewé, iyọ̀ ni wọ́n fi pa á. Nígbà tí a gbé e kalẹ̀ sínú yàrá tó tutù, a ń gbọ́ wọn bí wọ́n ti ń ha ara wọn, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń fi èékánná wá nǹkan nínú àpótí. Sènámì rẹ àpò kan sínú omi iyọ̀, ó fún un, ó fi bò wọ́n. Mo rí i pé ó fa òórùn wọn símú, ó di ojú. Òórùn ilé wọn ni.

Ní òwúrọ̀, mo lọ sí lẹkóòlù. Sènámì ń lọ sọ́jà lọ wá ata àti efinrin àti ọ̀dùnkún. Bó ti ń jáde, ó sọ fún ìyá mi pé, “Ìyá, ẹ bá mi bojú tó wọn.”

Kí ẹ tó dá ìyá mi lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́. Ọmọ Towé ni, ọmọ àgbẹ̀. Ó mọ ìgbín, ó mọ òkété, ó mọ olú tó ń pani yàtọ̀ sí èyí tí a ń jẹ. Kò sí ohun tí inú igbó ń mú jáde tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè sè. Ó fẹ́ràn Sènámì débi pé kì í jẹ́ kó rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ pọn omi tí Sènámì fi ń wẹ̀, ó ní ọmọ omi kò gbọdọ̀ wẹ igbá kan ṣoṣo. Láti ìgbà tí ìròyìn náà ti dé, mo ń gbọ́ ọ tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ níbi tó ti ń gbálẹ̀. Ohun tí Sènámì ní kó bojú tó, ó bojú tó o. Ó ṣí àpò náà wò. Ó rí ìfófó tó ń hó lẹ́nu àwọn akàn náà, tó ń wú, tó ń bẹ́. Ó rò pé ikú òùngbẹ nìyẹn. Ó ti rí i lẹ́nu ewúrẹ́ nínú ọyẹ́. Ó gbé ọpọ́n wá, ó kó wọn sínú rẹ̀, ó sì da omi lé wọn lórí títí omi fi bò wọ́n.

Mo bá Sènámì pàdé lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí oòrùn ti ń gòkè, a jọ wọlé ni. Ilé dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ gbọ́. Ó ju igbá ata sílẹ̀, ó sáré lọ sídìí ọpọ́n, ó ki ọwọ́ bọ omi, ó gbé akàn kan sókè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀ bí okùn.

“Ìyá, kí lẹ ṣe?”

“Mo fún wọn lómi. Òùngbẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n. Ṣé o kò rí ẹnu wọn ni?”

Sènámì kò pariwo. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó sọ fún ìyá mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé akàn ọ̀sà kì í gbé inú omi òkè tó dúró jẹ́ẹ́, pé bí ara wọn bá ti tutù, tí wọ́n wà ní gbangba, wọ́n lè wà láàyè títí. Ìfófó náà ni wọ́n fi ń mí. Inú omi tí kò ṣàn, tí kò níyọ̀, ṣe ni wọ́n ń kú sómi. Ìyá mi gbọ́ ọ tán, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, “A kò tíì rí àlejò, mo ti pa ẹrù rẹ̀.”

Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú náà ni Sènámì fi yẹ̀ wọ́n wò. Ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka kan ojú wọn. Èyí tí ojú rẹ̀ bá wọlé, ó wà láàyè. Èyí tí kò bá wọlé, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo dúró tì í, mò ń gbàdúrà sí ojú akàn. Òkìtì òkú ń ga, ti alààyè kò tó ohun tí a lè fi ọwọ́ méjì kó. Àwọn tó wà láàyè ni àwọn tó gun ẹ̀yìn ẹgbẹ́ wọn jáde lójú omi.

Ìyá mi ní kí a sè gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó ní bí wọ́n bá ti pọ́n nínú ìkòkò, ta ni yóò mọ èyí tó ti kú tẹ́lẹ̀? Ní Towé, òkété tó bá kú sínú pàkúté, ṣé a kì í jẹ ẹ́ ni? Sènámì mi orí. Ó ní ẹran akàn tó bá ti kú kí iná tó kàn án máa ń bàjẹ́ kí ènìyàn tó pa ojú dé, inú ẹni tó bá jẹ ẹ́ yóò sì yí. Òun kò lè fi ìyẹn bọ́ bàbá òun, bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi bọ́ àwọn ọ̀rẹ́ wa. Ó kó àwọn òkú náà lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fi eérú bò wọ́n, ó sì wa erùpẹ̀ lé wọn. Bó ti ń wa ilẹ̀ náà, mo rí i pé omijé ń bọ́ sórí ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ́ kò dúró.

Ìkòkò omi ilé ti gbẹ. Mo padà lọ sí lẹkóòlù, mo bẹ ọ̀gá wa títí ó fi jẹ́ kí n bu omi òjò tí wọ́n ń kó láti orí páànù sínú ìkùdù. Omi yẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fún ènìyàn lásán, pẹ̀lú ìtìjú ni mo fi gbà á. Sènámì gbé ìkòkò ńlá kaná. Iyọ̀ ló kọ́kọ́ dà sí i, ó tọ́ ọ wò, ó tún dà sí i, títí omi náà fi dà bí omi ọ̀sà. Ó fi ata gígún sí i, àti atalẹ̀, àti àlùbọ́sà, àti ewé efinrin tí kò gé. Ọ̀dùnkún ló wọlé ṣáájú, torí ó le. Nígbà tí ó rọ̀, ó ju àwọn akàn alààyè sí i, ó dé e pa. A gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lára ìkòkò fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà a kò gbọ́ mọ́. Edé ló kẹ́yìn, torí edé tó bá pẹ́ lórí iná á dà bí awọ bàtà. Èéfín ata àti ti ọ̀sà kún àgbàlá. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ẹnu mi ì bá ti kún fún itọ́. Lọ́jọ́ náà, ẹnu mi gbẹ bí ilẹ̀ ọyẹ́. Ọkọ̀ sì fọn fèrè ìdé.

Ràímì ló ṣáájú wọn wọlé. Bàbá Sènámì tẹ̀lé e, ọkùnrin kúkúrú, èjìká fífẹ̀, ó ń rìn lórí ilẹ̀ líle bí ẹni pé ó ń retí kí ó mì. Tànyí ló kẹ́yìn. Mo dọ̀bálẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá omi fún un. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sì gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láìmu. Ó ní kí a jẹ́ kí òun rí oúnjẹ ná.

Tànyí kò jókòó. Ó yí àgbàlá po, ó tẹ ògiri, ó gbé ọwọ́ Sènámì, ó yí i padà. Ó ní awọ ọmọ àwọn ti hàn bí èèpo ẹ̀gẹ́. Ó bi mí bóyá ìwé tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ni mo fi ń pa ara fún ìyàwó mi. Ràímì dá a lóhùn pé epo ni wọ́n fi ń pa ara ní Pobẹ̀, kí ó wo ojú ìyá mi bó ti ń dán. Ìyá mi kò gbọ́. Ojú rẹ̀ wà lára igbá omi náà.

Ní ilé wọn, a kì í bu irú oúnjẹ yẹn sáwo. Wọn a tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sórí ẹní, wọn a da ìkòkò dé sórí rẹ̀, gbogbo ènìyàn a jókòó yí i ká, kò sí ti àgbà, kò sí ti ọmọdé. Sènámì ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́tìrì ẹlẹgbẹ́ mi méjì ti dé, àwọn náà jókòó. Omi ọbẹ̀ náà ṣàn sórí ewé, èéfín gòkè, a sì rí ohun tó wà níbẹ̀: ọ̀dùnkún púpọ̀, edé díẹ̀, àti akàn tí ojú lè rí òpin rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ wo ewé náà títí.

“Sènámì, apẹ̀rẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́, ó kún.”

“Ó kún, Dáà.”

Tànyí ní, “Àbí kọmandáǹ ti gba akàn wa ní lẹ́mpó?” Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tìrì fẹ́ rẹ́rìn-ín, torí lẹ́mpó, owó orí tí ọ̀gá àwọn Faransé ń gbà, kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nígbà yẹn. Ó rí ojú mi, ó gbé e mì.

“Ìyókù dà?”

“Wọ́n kú.”

“Ta ló pa wọ́n?”

Sènámì wo ilẹ̀. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ bí ẹni pé ó ń kà á sí mi létí. Bí ó bá ní ìyá ọkọ òun ni, bàbá rẹ̀ yóò ní ilé tí wọn kò ti mọ ohun alààyè í tọ́jú nìyí. Bí ó bá ní òun ni, yóò ní òkè ti mú un gbàgbé ọ̀sà. Ọ̀nà méjèèjì, lagáà ni wọ́n já sí.

Ìyá mi ló sọ̀rọ̀. “Àna mi, ẹ má bi í mọ́. Èmi ni. Ìfófó ni mo rí lẹ́nu wọn, mo rò pé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Mo da omi lé wọn lórí.”

Ràímì túmọ̀ rẹ̀ sí Ègùn, torí Yorùbá ọjà ni bàbá náà gbọ́. Ojú Tànyí là. Bàbá náà béèrè pé omi wo. Ìyá mi ní omi ìkòkò òun ni, òun ro gbogbo rẹ̀ sínú ọpọ́n.

Bàbá náà dìde. Tànyí náà dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró. Ṣùgbọ́n bàbá náà kò lọ sí ẹnu ọ̀nà. Inú ilé ló wọ̀, ibi tí ìkòkò omi wà. A gbọ́ nígbà tó ṣí ìdérí. A gbọ́ nígbà tó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, tí èékánná rẹ̀ ha ìsàlẹ̀ ìkòkò, ha-ha, lórí amọ̀ gbígbẹ. Ó padà jáde, ó dúró lójú oòrùn, ó nawọ́ sí igbá tó gbé sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

“Èyí ńkọ́?”

Ìyá mi ní, “Èyí tó kù nìyẹn. Mo pa á mọ́ dè yín.”

Ó jókòó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá náà, ó mu ún, kò jẹ́ kí ẹ̀kán kan kán sílẹ̀. Ó sọ nǹkan kan fún Tànyí ní Ègùn. Ràímì ló sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi nígbà tó yá. Ó ní, “Àwa tí a ní omi, a kì í bù ú fún ẹnikẹ́ni, ṣe ni à ń tọ́ka sí i.” Lẹ́yìn náà ó mú akàn kan, ó fi eyín fọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó yọ ẹran funfun inú rẹ̀, ó sì fi í lé ọwọ́ ìyá mi kí ó tó mú tirẹ̀. Ìyá mi, tí kò jẹ akàn rí láyé rẹ̀, fi í sẹ́nu, ó di ojú bí ẹni tó ń mu àgbo. Ràímì ní kí ó má bẹ̀rù, alùfáà ti fọwọ́ sí i. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín kọ́kọ́ sọ ní àgbàlá wa, Tànyí náà sì jókòó.

A jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ tán. Ẹni tí àna rẹ̀ bá ń rẹ́rìn-ín kò tíì mọ ohun tí àna rẹ̀ ń rò. Mò ń wo òjìji ògiri bó ti ń gùn, mò ń fọ́ akàn tí n kò mọ adùn rẹ̀. Fèrè àkọ́kọ́ dún láti lagáà. Bàbá Sènámì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ewé, ó wo ọmọ rẹ̀.

Ó fi Yorùbá ọjà rẹ̀ sọ pé, “Mo ti jẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ni mo fi jẹ, n kò fi tìrẹ jẹ. N kò ní fà ọ́, n kò sì ní fi ọ́ sílẹ̀ lórí ìtìjú. Bí fèrè kejì bá dún, tí o bá fẹ́ bá wa lọ, dìde. Bí o kò bá fẹ́, jókòó.”

Ràímì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀. Èmi wo ọwọ́ Sènámì, n kò lè wo ojú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó rù, mo mọ̀ pé ó máa ń gbọ́ omi nínú oorun rẹ̀. Bó bá dìde, n kò ní ẹ̀tọ́ kan láti bínú sí i. Ìyá mi ti mú akàn mìíràn, ó ń yí i kiri bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn rẹ̀. Sènámì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó yọ ohun tí a kì í jẹ kúrò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹran rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń kó o jọ sórí ewé níwájú ìyá mi.

Fèrè kejì dún. Ó gùn lọ́jọ́ náà ju bó ti máa ń gùn lọ.

Sènámì kò gbé ojú sókè. Ó ní, “Ìyá, ẹ̀gbẹ́ ibí yìí ni ẹran rẹ̀ pọ̀ sí,” ó sì ń yọ ọ́ lọ.

Bàbá rẹ̀ dìde, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, òun àti Tànyí sì lọ bá ọkọ̀ wọn. Sènámì kò kúrò nílé mi mọ́ títí ikú fi wá mú un ní ọdún tó kọjá. Ikú kò sì fọn fèrè.